Òjìji Abẹ́ Ìhà

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè. Ọkùnrin tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí sìmẹ́ǹtì gbígbẹ wà létí bàtà rẹ̀, na ọwọ́ sókè lójijì, ó kígbe pé, "Mo wà ńbí, sà!"

Àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín.

"Sà wo?" ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣé èmi ni mo jọ sà?"

"Ẹ má bínú, mà. Ibi iṣẹ́ ló bà wá jẹ́. Tí wọ́n bá ń pe orúkọ láàárọ̀, kí ohùn ṣáà ti jáde ni. Tí ohùn bá ti jáde, wọ́n á fàmì sí i."

"Níbí, ara la fẹ́, kì í ṣe ohùn. Ẹ gun orí òṣùwọ̀n, Bàbá."

Ó gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo fọ́tò tó wà lára rẹ̀. "Fọ́tò yìí mà sọ yín di arúgbó o." Ó tún wo òṣùwọ̀n. "Ẹ sì ti sanra! Kílò mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irú àìsàn wo rèé? Ẹ bù fún mi níbẹ̀."

"Mo ń jẹun dáadáa ni, mà."

"Ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

Ọkùnrin náà na ọrùn wo káàdì kó tó dáhùn.

"Ẹ ń wòwé kẹ́ ẹ tó mọ ọjọ́ orí yín?"

"Mi ò parí ìwé mẹ́fà, mà."

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara nílé ìwòsàn náà ti ya àwòrán kan, láìsí oògùn nínú ẹ̀jẹ̀. Òjìji kan hàn lára ẹ̀dọ̀, lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Dókítà sọ pé òjìji lásán kò tó fi dájọ́. Ó lè jẹ́ omi tó kóra jọ, ó sì lè jẹ́ kókó tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fà sínú iṣan. Ibi tó bá ń mu ẹ̀jẹ̀ láìtọ́, oògùn náà á tàn níbẹ̀ nínú àwòrán. Tó bá jẹ́ kókó, tí wọ́n sì tètè rí i, wọ́n á gé e kúrò. Tí wọn ò bá tètè rí i, ó di ọ̀rọ̀ oṣù díẹ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní tirẹ̀ ti sọ pé bí ìwé dókítà tó jẹ́rìí pé ara le kò bá dé kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ àyẹ̀wò kejì yìí tó lù, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò.

Yàrá ẹ̀rọ náà tutù, kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ dúró sí àárín bí òrùka ńlá, bẹ́ẹ̀dì tóóró kan sì dojú kọ ihò rẹ̀. Ẹni tó ń ya àwòrán jẹ́ ọkùnrin kan tó ti ń hewú.

"Ẹ̀yin lẹ tún dé! Lọ́jọ́ yẹn, èèyàn mẹ́ta ló dì yín mú. Ẹ ń pariwo pé kòtò ti wó lù yín rí, pé ẹ ò ní wọ ihò kankan mọ́ láyé."

"Kòtò náà wó lóòótọ́," ni ọkùnrin náà wí.

"Mímira yẹn ni àwòrán ò fi mọ́. Ojú yín ti wálẹ̀ lónìí, ó dáa." Ó gún un lábẹ́rẹ́ ní apá. "Tí oògùn yìí bá wọlé, ara yín á gbóná wìì, á sì dà bíi pé ẹ ti tọ̀ sára. Ẹ ò tọ̀ o."

"Tí mo bá wá tọ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa fọ bẹ́ẹ̀dì."

Wọ́n na apá rẹ̀ kọjá orí, wọ́n fi ọ̀já dì í láyà. Ilẹ̀kùn tì. Bẹ́ẹ̀dì rìn wọ inú ihò.

"Ẹ fa èémí sínú," ni ohùn kan wí láti ara ògiri. "Ẹ dá a dúró."

Ó dá a dúró. Òrùka náà ń yí lókè imú rẹ̀. Ó rántí kòtò náà: iyẹ̀pẹ̀ pupa tó dà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdákẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ohùn kan tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, tó ń dínkù. Méjì nínú èékánná rẹ̀ kò tíì hù dáadáa láti ọjọ́ náà. Oògùn wọlé. Ooru gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá sí ikùn, ẹnu rẹ̀ korò bí irin. Ó fẹ́ dìde. Ọ̀já kò gbà. Ó ti ṣèlérí pé òun kò ní mira. Kò mira.

Nígbà tí dókítà pè é, àwòrán méjì ti wà lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ẹ wò ó. Ti àkọ́kọ́ dà bí ìgbà téèyàn ń wo yàrá lókùnkùn. Ti òní, bí ẹni tan iná sí i. Gbogbo iṣan ló yọ. Kò sómi, kò sí kókó. Ẹ̀dọ̀ yín mọ́ ju tèmi lọ."

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Òjìji yẹn dà, sà?"

"Ó ní láti jẹ́ mímira tí ẹ mira ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń gún yín?"

Ọkùnrin náà la ẹnu. Fóònù dún lápò rẹ̀. Ó gbé e, ohùn ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì dé etí dókítà: "Ìwé náà dà? Aago mọ́kànlá ti kọjá o! Ẹlòmíràn ti dúró sí géètì!"

Ó pa fóònù. Dókítà ṣì ń wò ó.

"Èmi? Kò sóhun tó ń gún mi, sà."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí àìsàn, pé kò sídìí fún àyẹ̀wò mìíràn. Ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú. "Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín, Bàbá. Mi ò fẹ́ rí yín níbí mọ́ o."

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tó dé géètì ibi iṣẹ́. Ó na ìwé àti káàdì náà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìhà ọ̀tún ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà gbójú sókè, ó ní, "Àbúrò mi, kí ni wọ́n ní ó ń ṣe mí?"