Omi Tí Leanna Fi Kún Mílíìkì Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́ nílé, àti ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹni tó ní, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì. Ẹ kà á dé òpin, torí ó lè gba ẹ̀mí ọmọ kan là.

1.
Leanna kì í ṣe ìyá burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Gbogbo àwa tá a jọ ń gbé ní ìlú kékeré yìí, láàárín àwọn òkè Kentucky ní Amẹ́ríkà, la mọ bó ṣe fẹ́ràn Tessa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí kò tíì lè jókòó nígbà yẹn. Àìsàn tó kọ lu Leanna lẹ́yìn ìbímọ ti mú kí ọyàn rẹ̀ gbẹ, nítorí náà mílíìkì inú agolo ni ọmọ náà ń mu.

Ìtìjú ló ń bá Leanna jà. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ máa ń tò sórí ìlà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì láti gba oúnjẹ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ iléèwé á sì máa fi Leanna ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ alágbe ti dé o!" Ó wá búra pé láyé òun, òun ò tún ní na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 2022, mílíìkì ọmọdé wá di ohun àwátì káàkiri Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, pẹpẹ òfìfo lẹ máa bá. Coy, ọkọ Leanna, tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó gẹdú, ń yà wá a ní gbogbo ìlú tó bá gbà kọjá. Ọwọ́ òfo ló fi ń padà wálé.

2.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí Verna, aládùúgbò wọn, kan ilẹ̀kùn.

"Leanna, ọmọ mi, ọmọ-ọmọ mi ò mu mílíìkì agolo mọ́. Èyí tó kù, a ò tíì ṣí i. Ṣé kí n gbé e wá fún Tessa?"

Leanna rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun mà. Tiwa ṣì pọ̀ nílé."

"Ṣó dá ẹ lójú? Má tijú mi o! Èmi tí mo pààrọ̀ ìlédìí fún ẹ, kí lo fẹ́ fi pamọ́ fún mi?"

"Ó dá mi lójú, Àǹtí."

Irọ́ ni. Ṣíbí ti ń ha ìdí agolo. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè láti ilé ìwòsàn, tó ń bi àwọn ìyá bóyá oúnjẹ ọmọ wọn ṣì wà, ohun kan náà ni Leanna sọ: "Ó wà."

3.
Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ó dín ìyẹ̀fun mílíìkì kù, ó sì fi omi kún un. "Ìgò ṣáà kún," bó ṣe sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Tessa mu ún, ó dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Leanna tún dín in kù sí i. Bí ọmọ bá sunkún láàárín, omi lásán ló ń fún un.

"Ìyàwó mi, ṣé mílíìkì yẹn ń tó?" Coy bi í.

"Mo ń ṣọ́ ọ lò ni. Fọkàn balẹ̀."

Nígbà tó di àárọ̀ Sunday, Tessa ò fẹ́ jí. Ojú rẹ̀ wú, ara rẹ̀ tutù. Leanna rò pé oorun ni. Ìgbà tí wọ́n ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ara ọmọ náà le gbagidi, ojú rẹ̀ yí sókè, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Gìrì!

"Coy! Coy o! Ọmọ mi ń kú lọ!"

4.
Ní ọsibítù, dókítà bi Leanna bó ṣe ń po oúnjẹ ọmọ náà.

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo ni."

Coy gbè é lẹ́yìn. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fòró ẹ̀mí rẹ̀. Ìyàwó mi kì í fi oúnjẹ ọmọ ṣeré."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Leanna ju ọ̀bẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gìrì tún mú ọmọ náà níṣojú wọn.

Dókítà rọra di Leanna lọ́wọ́ mú. "Ìyá Tessa, mi ò wá dá yín lẹ́jọ́. Àmọ́ mi ò lè wo ọmọ yín sàn tí ẹ bá fi nǹkan pamọ́ fún mi."

Leanna bú sẹ́kún. "Omi ni! Mo fi omi là á! Ó ń tán lọ, ojú sì ń tì mí..."

"O ní kí n fọkàn balẹ̀," ni Coy wí.

"Irọ́ ni mo pa fún ẹ."

Dókítà ò dúró gbọ́ ìyókù. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò tíì jáde, àmọ́ ó ti mọ ọ̀nà tó máa gbà. Omi ti pọ̀ jù lára ọmọ náà, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì ti ń wú. Wọ́n fa omi oníyọ̀ sí i lára, wọ́n ń ṣọ́ ọ.

5.
Tessa ò kú. Nígbà tó fi máa ké igbe ebi, gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì ló pàtẹ́wọ́. Àmọ́ dókítà ní àwọn gbọ́dọ̀ máa wo bó ṣe ń dàgbà, torí òun ò lè ṣèlérí pé gìrì yẹn ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọdé wá wádìí ọ̀rọ̀ wò nílé. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, Coy bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Èmi ọkọ rẹ, o ò lè sọ fún mi pé ebi ń pa ọmọ wa?"

Leanna lọ kan ilẹ̀kùn Àǹtí Verna fúnra rẹ̀. "Àǹtí, mo wá tọrọ mílíìkì."

Ojú Àǹtí Verna kún fún omijé. "Áà, mo ti gbé e fún ẹlòmíì, torí o ní tiyín pọ̀. Wọlé, jókòó. Kí fóònù wà lọ́wọ́ mi, kí ọmọ ẹ má rí oúnjẹ jẹ?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, àwọn ará àdúgbò ti ń gbé agolo wá. Kò sẹ́ni tó fi Leanna ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin òbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bí mílíìkì ọmọ bá wọ́n, ẹ má fi omi là á ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo lọ. Ẹ má fún ọmọ tó ṣì kéré bẹ́ẹ̀ ní omi lásán dípò oúnjẹ, ẹ má sì po èyí tẹ́ ẹ bá fọgbọ́n orí yín ṣe nílé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má ṣàdédé gbé mílíìkì màlúù fún un. Ẹ pe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Mílíìkì ọmọdé tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe lè bá ọ̀pọ̀ ọmọ lára mu, wọ́n á sì sọ èyí tó yẹ ọmọ tiyín. Ẹ̀yin aládùúgbò náà, tí ẹnì kan bá ní "ó wà," ẹ tún un bi.

Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ìyá kan lónìí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.