Hafíà àti Àkàbà Funfun Orí Ẹyin

Ìkánjú ni àrùn tó ń ṣe Hafíà, ọmọ Odókíà. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ojú rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò lè dúró de ohunkóhun, títí kan búrẹ́dì inú ààrò. Iṣẹ́ tó wá yàn láàyò ni èyí tí kò gba ìkánjú rárá: ó ń fi ìda oyin kọ ẹyin Àjíǹde ní abúlé wa lórí òkè Kapátíà.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó mọ ẹyin í kọ tó Odókíà kí àìsàn tó mú ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Òun ló fi kálámù, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní idẹ oníhò lẹ́nu, lé ọmọ lọ́wọ́. Ó kọ́ ọ pé ibi tí ìda bá bò, aró kò ní lè wọ ibẹ̀. Ohun tí a bá fẹ́ kó funfun, a ó kọ́kọ́ fi ìda bò ó. Lẹ́yìn náà ni a ó rì í sínú aró yẹ́lò, a ó fi ìda bo ibi tí a fẹ́ kó wà ní yẹ́lò, ká tó rì í sínú aró pupa. Bí a bá wá yọ́ ìda náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àbẹ́là, gbogbo àwọ̀ yóò yọjú.

"Ṣùgbọ́n kí ẹyin kọ́kọ́ móoru o," ni Odókíà máa ń wí. "Ẹyin tútù máa ń làágùn. Ìda kì í lẹ̀ mọ́ òógùn."

Hafíà di olókìkí lọ́jà Kosiv. Ní ọdún tí à ń wí yìí, Àwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ti fẹ́ parí, Odókíà kò sì lè dìde mọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Kọ ẹyin kan fún mi, Hafíà. Èyí tó ní àkàbà funfun, tí ọkàn fi ń gòkè lọ sọ́run."

"Ta lẹ fẹ́ fún, Màmá?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ, Ilko. Ọmọ ọwọ́ ló wà tó fi kú, kò gba ẹyin Àjíǹde rí. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́hùn-ún á máa fi tiwọn ṣeré, òun á kàn máa wò wọ́n. Mo fẹ́ mú un lọ fún un, kó mọ̀ pé àbúrò òun ló kọ ọ́."

Omi bọ́ lójú Hafíà. "Màá kọ ọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ tọjà tán ná."

Ọjà kan parí, òmíràn dé. Gbogbo ẹyin tó dára nílé ló bá ọjà lọ. Bí ìyá bá béèrè, "Ọ̀la ni, Màmá" ni ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀la ń tán lọ́wọ́ ìyá náà.

Ní àárọ̀ Ẹtì Rere, Todoska, aládùúgbò wọn tó ń tọ́jú aláìsàn, jáde láti inú yàrá.

"Hafíà, èémí ìyá ẹ ti ń yí padà. Ohun tó o bá fẹ́ ṣe, tètè ṣe é."

Hafíà sáré wọ àjà abẹ́ ilẹ̀, ó mú ẹyin kan ṣoṣo tó kù jáde. Ó tutù bí òkúta odò.

"Gbé e sórí tábìlì kó gba ooru," ni Todoska wí. "Lọ jókòó ti ìyá ẹ ná."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá kọ́ mi níṣẹ́ ni? Àyè dà?"

"Ó dáa, ọ̀gá oníṣẹ́. Mo ti pa ẹnu mi dé."

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Hafíà ti ki kálámù bọnú ìda.

"Ṣé ẹyin náà ti móoru?" Ohùn ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde láti inú yàrá.

"Ó ti móoru, Màmá."

Ó kọ àkàbà náà, ó rẹwà. Ó tì í bọ aró yẹ́lò, ó tì í bọ pupa, kò sì rí i pé ìda ń ṣí kúrò lára èèpo nínú aró. Nígbà tó nù ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là, kò sí àkàbà. Ẹyin náà pupa láti òkè délẹ̀.

"Gbé e wá," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ojú Odókíà ti ṣókùnkùn. Ó fi àtàǹpàkò pa ẹyin náà lára, èèpo rẹ̀ ń dán. "Ṣé àkàbà náà funfun?"

"Ó funfun bíi yìnyín, Màmá."

Odókíà rẹ́rìn-ín. "Inú Ilko á dùn." Kó tó di ọ̀sán, ó ti kú, ẹyin náà sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Hafíà kò tilẹ̀ dalẹ́. Nígbà tí àwọn obìnrin wá wẹ òkú, wọ́n ṣí ọwọ́ náà, wọ́n sì bá ẹyin pupa tí kò ní àkàbà níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ òmíràn," ni Hafíà ń bẹ̀.

Todoska mi orí. "A kì í yọ́ ìda nílé tí òkú wà. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Todoska lọ sílé, ó mú ẹyin tirẹ̀ wá. Àkàbà orí rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó funfun. Ó fi í sọ́wọ́ Odókíà, òun ni wọ́n sì sin mọ́ ọn. Bí wọ́n ti ń da iyẹ̀pẹ̀, Hafíà ké pé, "Màmá, ẹ sọ fún Ilko pé mo fẹ́ kọ ọ́ o!" Kò sẹ́ni tó lè wo ojú rẹ̀. Títí dòní, gbogbo Àjíǹde ló máa ń gbé ẹyin alákàbà funfun lọ sí ibojì náà. Ó máa ń jẹ́ kí ẹyin náà móoru dáadáa kó tó kọ ọ́. Orí ilẹ̀ ló ń gbé e sí, abẹ́ ilẹ̀ ni ọwọ́ ìyá rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Ohun tí ẹni tó fẹ́ràn yín bá bẹ̀ yín, ẹ má fi ọjà ṣáájú rẹ̀. Ohun tí a bá sún síwájú títí, ìkánjú la ó fi ṣe é níkẹyìn, ìkánjú a sì máa bí irọ́. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí àyè ṣì wà ni à ń lo ẹ̀sọ̀. Bí ẹni tó bẹ̀ wá bá ti lọ, ohun tó dára jù lọ tí a bá ṣe kò lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ mọ́.