Èrò Awakọ̀ Lórí Ìwé Méjì

Obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà kì í bá awakọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ táyà tàbí ọ̀rọ̀ epo. Ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n máa ń bá ara wọn fà. Àwọn ìwé ìtàn tí àwọn òǹkọ̀wé bá fi ránṣẹ́ máa ń wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, awakọ̀ a sì máa kà wọ́n níbikíbi tó bá ti ń dúró de ọ̀gá rẹ̀: lẹ́nu ọ̀nà báńkì, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, lábẹ́ igi tó wà níwájú ilé oníṣègùn eyín. Kì í fo ojú ìwé kankan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Àkàtán níbi iṣẹ́.

Ọdún kẹfà rèé tó ti ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá, ẹnu wọn ò sì tíì kò lórí ìwé kan ṣoṣo. Òjò fi odindi ojú ìwé mẹ́jọ rọ̀ nínú ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀. Awakọ̀ ní ìròyìn ojú ọjọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìtàn. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ ní olè inú òmíràn gọ̀ ju àwọn ọlọ́pàá tó ń lé e lọ. Ọ̀gá tẹ ìyẹn náà, ó sì tà wàràwàrà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, awakọ̀ yin àkójọ ìtàn kéékèèké kan láti ilé dé ibi iṣẹ́, ó tún yìn ín láti ibi iṣẹ́ dé ilé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀gá ti dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.

Akọ̀wé ọ̀gá, obìnrin ẹlẹ́nu mímú kan, bá a wí lórí ẹ̀. "Bọ̀dá Àkàtán, ẹ ò ṣe kúkú dákẹ́? Bí ẹ bá ti ní ìwé kan dùn, ó parí fún ẹni tó kọ ọ́ nìyẹn."

"Wọ́n bi mí ni," awakọ̀ dáhùn.

Lọ́dún yìí, àyè ìwé kan ṣoṣo ló kù, ìwé méjì ló sì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Èyí tí kò bá wọlé, ilé ni yóò padà sí. Ọ̀kan jẹ́ ti adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìtàn ọkùnrin tó fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ padà. Ẹni tó kọ èkejì ò fi ju ìnagijẹ àti nọ́ńbà àpótí lẹ́tà sára rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá fẹ́ pinnu, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ náà wọ awakọ̀ lára. Kò tan rédíò bí wọ́n ti ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Díẹ̀ ló kù kí ó wa ọkọ̀ kọjá iná pupa.

"Ó yá, jẹ́ ká gbọ́," ọ̀gá wí.

"Ti adájọ́ ni kí ẹ mú, Mà."

"Ọkùnrin inú ẹ̀ ò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì títí dé ojú ìwé àádọ́rùn-ún."

"Sùúrù ibẹ̀ ló wù mí."

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ tí o kì í fẹ́ kí òjò rọ̀ kọjá ìlà méjì?"

"Èèyàn ń dàgbà, Mà."

"Èkejì ńkọ́?"

Ìwé kejì wà lórí itan ọ̀gá. Ìtàn obìnrin kan tó ń tún aago ṣe ni. Òun àti àbúrò rẹ̀ jọ pín ògiri kan, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá se ọbẹ̀, á gbé abọ́ kan sẹ́nu ọ̀nà èkejì, á kan ilẹ̀kùn, á sì sá wọlé.

"Ẹ dá a padà," awakọ̀ wí. "Ta ló ń bínú sí èèyàn tó tún ń gbé ọbẹ̀ fún un? Irọ́ ni. Ẹ tún wo ojú ìwé ọgọ́fà, ẹkún ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó kọ ọ́ kàn jókòó síbì kan ni, ó ń wo ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀."

Ọ̀gá ṣí i síbẹ̀, ó tún un kà. Wọ́n kọjá ilé epo, wọ́n kọjá ilé ẹ̀kọ́ kan, kò gbé ojú kúrò lórí ìwé. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Ọdún mẹ́rin ni èmi àti àbúrò mi fi yan ara wa lódì," ló wí nígbẹ̀yìn. "Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń fi abọ́ ránṣẹ́ sí i. Ta ló sọ ọ́ fún ẹni yìí?"

"Ayé kún fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Àkàtán, ọjọ́ tí mo bá gba tìẹ, ọjọ́ náà ni kí n ti ilé iṣẹ́ pa."

Bí wọ́n ti dé ibi iṣẹ́, ó ní kí akọ̀wé tẹ lẹ́tà sí àpótí kẹrìnlélógójì pé àwọn gba ìwé náà. Ó buwọ́ lù ú lórí ìdúró, ó sì nà án sí awakọ̀. "Mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ báyìí. Má dọ́gbọ́n gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ o."

Awakọ̀ gbà á, ó sì yára yí ẹ̀yìn padà sí wọn. Akọ̀wé rò pé inú ló ń bí i, àánú rẹ̀ sì ṣe é. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bọ̀dá," ló wí. "Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á gbọ́ tiyín."

Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, awakọ̀ gbé lẹ́tà náà fún òṣìṣẹ́ tó wà lójú fèrèsé, ó dúró títí òṣìṣẹ́ náà fi lu òǹtẹ̀ sí i, ó wá rìn lọ síbi tí àwọn àpótí tò sí lára ògiri, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí ìkẹrìnlélógójì, ó sì na ọwọ́ gba lẹ́tà náà bí òṣìṣẹ́ ọ̀hún ti ń tì í bọ̀ láti ẹ̀yìn.