Ohùn Tó Ń Jáde ní Fúláàtì Ìsàlẹ̀

Láti ìgbà tí Dókítà Ọlátúnbọ̀sún ti gba fúláàtì ìsàlẹ̀ nínú ilé Lágúnjú ní Òkè-Ogbó, ní Ilé-Ifẹ̀, ọkàn Lágúnjú kò balẹ̀ mọ́. Dókítà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń dà á láàmú. Ọmọ Ìpetumodù ni, ó ń kọ́ wọn ní yunifásítì, kò sì sí ìgbà tó pàdé bàbá onílé tí kò ní dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó tó mú bọ̀ láti Jámánì ni wàhálà. Obìnrin náà ga, ó síngbọnlẹ̀, Màmá Jámánì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, igbe á ta ní fúláàtì náà, á gun òkè, á dúró síbẹ̀, àwọn adìẹ inú ọgbà á sì fọ́n ká.

"Ó ń lù ú," Yéjídé, ìyàwó Lágúnjú, wí. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké. Ọmọ ọlọ́mọ!"

"Mo gbọ́."

"Tó bá wá kú sí wa lọ́rùn ńkọ́?"

Ohun tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu Lágúnjú nìyẹn. Níbi tó ti ń gẹrun ni wọ́n ti sọ fún un pé bí òyìnbó bá kú sínú ilé èèyàn, ẹ́ḿbásì wọn á wá, wọ́n á ti ilé ọ̀hún pa, onílé á sì máa rojọ́ ní Àbújá títí eyín rẹ̀ á fi ká tán. Ilé kan ṣoṣo tó ní láyé nìyí.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá Dókítà sọ ọ́. Ó pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì nínú oòrùn ọ̀sán. Dókítà wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ó fa fìlà bo iwájú títí dé ojú.

"Dókítà, kí ló ṣe ọ́ lójú?"

"Mo ṣubú ní ilé ìwẹ̀ ni, sà."

"O tún ṣubú?"

"Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, sà."

Lágúnjú mọ̀ pé ṣe ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń fọgbọ́n tọrọ táìlì tuntun, ó bá yára kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí igbe náà pọ̀ jù, ó lọ bá Alhaji Àtàndá, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì lọ kanlẹ̀kùn fúláàtì náà, Yéjídé sì tẹ̀ lé wọn. Dókítà ló ṣílẹ̀kùn. Bó ṣe rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ dìde mọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Ẹ jókòó dáadáa, sà."

Màmá Jámánì kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé omi tútù wá. Yorùbá rẹ̀ ń rọra rìn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun.

Alhaji ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Dókítà, wọ́n ní ò ń na ìyàwó wa."

Dókítà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Tí ẹ bá ní kí n tẹ̀ lé yín lọ sí tésàn, sà, mo ti ṣe tán. Kódà, ẹ jẹ́ ká máa lọ báyìí."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Alhaji kọjú sí Lágúnjú. "Ọkàn rẹ̀ ti ń dá a lẹ́bi."

"Kí wọ́n tiẹ̀ tì mí mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan," Dókítà wí.

Màmá Jámánì rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Orin ni. Iṣẹ́ mi ni."

"Orin wo?" ni Yéjídé bi í. "Èyí tí adìẹ mi ń sá fún?"

Obìnrin náà kó fọ́tò jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ìlú kékeré kan ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe búrẹ́dì. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti mọ̀ pé ó lóhùn. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí àwọn tíátà ńlá ńlá, níbi tí wọ́n ti ń fi orin ṣeré, ó sì kọrin kiri Jámánì láìfọwọ́ kan máìkì rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nínú gbogbo eré tó bá ṣe ló máa ń kú ní ìparí.

"Kí ló ń pa ọ́?" Alhaji bèèrè.

"Nígbà míì, ọ̀bẹ. Nígbà míì, májèlé. Ikọ́ fée náà wà níbẹ̀."

"Ẹni tí ikọ́ fée ń pa lọ ló tún ń kọrin?"

"Ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń kọrin jù, Bàbá. Torí ẹ̀ ni àwọn òǹwòran ṣe ń wá."

"Ìwọ náà ò wá pa ẹnì kankan rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n dìde pàtẹ́wọ́ fún mi."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí tíátà rí ọmọge tí ohùn rẹ̀ ṣì tutù, wọ́n kí Màmá Jámánì pé ó ṣeun, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ìgbà náà ló fẹ́ Dókítà, tó ń kàwé lọ́hùn-ún, ó sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wálé.

"Tí ohùn bá dákẹ́, ó kú nìyẹn," ó wí. "Ní ìrọ̀lẹ́, ó di dandan kí n kọrin."

Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó lanu. Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Alhaji fi ìka dí etí, ó yọ ọ́, ó tún fi dí i. Níta, adìẹ ń sá.

"Òun náà nìyẹn!" Yéjídé pariwo. "Ohun tí mò ń gbọ́ nìyẹn!"

Lágúnjú mí kanlẹ̀. Ó wo ògiri ilé rẹ̀ yí ká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Alhaji dájọ́. Kí ìyàwó wọn máa kọrin rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá gbọ́ igbe ní fúláàtì náà, kó mọ̀ pé iṣẹ́ ni, kó má wulẹ̀ sáré wá.

"Ẹ dákun, sà," Dókítà wí, "ẹ ṣì máa sáré wá."

"Dókítà! Ìyàwó olóhùn iyọ̀ lo fẹ́. Fara dà á!"

"Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, sà. Ẹ tiẹ̀ lè sùn níbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàdúrà fún ilé náà, wọ́n jáde.

Lágúnjú ti gun àtẹ̀gùn dé ìdajì kó tó rántí pé fóònù òun ṣì wà lórí àga ní pálọ̀ Dókítà. Orin ti tún bẹ̀rẹ̀, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó kanlẹ̀kùn, wọn ò gbọ́. Ó rọra tì í, ó yọjú wọlé.

Màmá Jámánì dúró láàárín pálọ̀, ó gbójú sókè, ó ń kọrin, ó sì ń fi ọmọrogùn na Dókítà tó ká jọ sábẹ́ tábìlì, tó lanu gbàgà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ igbe rẹ̀. Lágúnjú mú fóònù rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kì í ṣe òyìnbó ni wọ́n ń lù nínú ilé òun.