Bisikíìtì Kétu àti Tíṣà Fágbohùn

Ẹ̀yin ọmọ, Ìmẹ̀kọ ayé àtijọ́ dùn. A ò níná mànàmáná, àmọ́ a ní bisikíìtì Kétu. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e sọdá ẹnubodè láti ìlú Kétu, nílẹ̀ Faransé, òórùn bọ́tà rẹ̀ á sì ṣáájú kẹ̀kẹ́ wọ àdúgbò. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹnu mi á máa ṣomi.

Àdúgbò wa ni Tíṣà Fágbohùn ń gbé. Ó mọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbà pé gbogbo ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sára bébà, òun ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún. Abíọ́nà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í jẹ ẹ̀pà. Bó bá tọ́ ọ wò, ọ̀fun rẹ̀ á wú, èémí á há.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ra páálí bisikíìtì kan. Ó wọ awò, ó ń fi imú ka ara páálí náà lẹ́nu ọ̀nà, àwa tí a ò gbọ́ ohun tó ń wí sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Kétu, ní, "Bàbá Abíọ́nà, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́."

"Ìwọ tí o fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta? Mo ti wá orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹ̀pà látòkè délẹ̀. Kò sí níbẹ̀."

Òótọ́ ni, kò sí. Ta ló sọ fún un pé Faransé ń pe ẹ̀pà bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é?

Abíọ́nà jẹ ẹyọ kan. Kó tó mú èkejì, ètè rẹ̀ ti wú bí àkàrà, ó ń mí fín-ín, fín-ín. Ìyá rẹ̀ gbé e gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ oníbisikíìtì tó ṣì ń tajà ládùúgbò, ó di ilé ìwòsàn. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó wà níbi iṣẹ́. Ó gún un lábẹ́rẹ́, èémí sì ń padà díẹ̀díẹ̀.

Tíṣà sáré débẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, páálí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbà á, ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan.

"Arachide. Ẹ̀pà nìyẹn lédè Faransé."

Fágbohùn pè é tẹ̀lé e bí ọmọ kíláàsì kìíní: "Arachide."

Láti ọjọ́ náà, kò sí oúnjẹ inú páálí tí Tíṣà kì í kọ́kọ́ gbé fún ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Abíọ́nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó." Ọkọ ń fi "ẹ" pe ìyàwó, ní Ìmẹ̀kọ! A rẹ́rìn-ín títí. Abíọ́nà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ti ní ọmọ-ọmọ báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ, bí oúnjẹ kan bá lòdì sí ara yín, ẹ ka ara páálí kí ẹ tó já a. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ ń fojú kéré. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.