Èèkù Tó Bá Ọwọ́ Mu

Bàbá Akínladé wo èèkù idà tí Tolúwalàṣẹ gbé wá, ó ní èèkù agboòrùn sàn jù ú lọ.

"Ṣé èyí lo fẹ́ fi bá ọmọ Brigade yẹn jà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Tolúwalàṣẹ dáhùn lórí ìkúnlẹ̀.

"Màá gbẹ́ tuntun fún ẹ."

"Bàbá, ẹ má ṣe wàhálà. Èyí ti mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ohun tí kò dáa náà máa ń mọ́ èèyàn lọ́wọ́."

Jùwọ́nlọ, ọmọkùnrin Bàbá àti àfẹ́sọ́nà Tolúwalàṣẹ, ń wo àjà. Kí wọ́n tó yà sí Enugu Road ní Kano ló ti kìlọ̀ fún un: bàbá òun kò le, ṣùgbọ́n kò lè fojú rí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ níwájú àgbà.

Káfíńtà ni Bàbá. Ó ṣe àga ní iléeṣẹ́ kan ní Bompai títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti gbẹ́ èèkù àdá, ti àáké, àti ti ọ̀bẹ alápatà. Ti idà eré ìdárayá ni kò gbẹ́ rí. Láti ìgbà tí Beatrice ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò tíì rí iṣẹ́ kan tó mú un tètè jí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Tolúwalàṣẹ àti Rahinat láti àdúgbò Brigade yóò kojú ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ni yóò ṣojú ìpínlẹ̀ nínú ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Èkejì á padà sílé.

Bàbá po ìyẹ̀fun pákó mọ́ gúlúù, ó ní kí Tolúwalàṣẹ fún un mọ́wọ́ kí òun lè rí ojú ìka rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún un.

"Àtẹ́lẹwọ́ ẹ rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Ṣé o máa ń di idà mú rárá?"

"Òrí ni mo fi ń pa á, sà."

"Ìbọ̀wọ́ tí o fi ń jà dà?"

"Mo gbàgbé ẹ̀ sílé, sà."

Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbàgbé rẹ̀.

Bàbá fi fáìlì ha igi èèkù náà níbi àtàǹpàkò, ó jin ín níbi ìka ìfábẹ̀lá, ó fi awọ ewúrẹ́ wé e. Ó fi èèkù náà sí irin idà kejì tí Tolúwalàṣẹ mú wá, ó tẹ ìdí irin náà díẹ̀ kí ṣóńṣó rẹ̀ lè tọ ibi tí ọwọ́ bá kọjú sí. Ó jáde lọ fọwọ́. Nígbà tó padà wọlé, Tolúwalàṣẹ ń ro tíì. Ó rí Bàbá, ṣíbí bọ́, tíì dà sórí tábìlì.

"Ojú mi ni," ni Bàbá wí. "Beatrice kì í jẹ́ kí n dúró ní ilé ìdáná. Ó ní bí mo bá ti ń wo òun, iyọ̀ á pọ̀ lọ́bẹ̀."

"Bàbá, na true o," ni Jùwọ́nlọ wí kíá.

Bàbá gbé idà náà fún un. "Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò bá tíì tẹ èèkù idà kì í béèrè ikú tó pa baba òun. Tìrẹ ti tẹ̀ ẹ́. Lọ béèrè."

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá jókòó síwájú pátápátá nínú gbọ̀ngàn.

"Bàbá, ooru mú," ni kóòṣì Tolúwalàṣẹ wí. "Kunu tútù wà níta."

"Mo ti mu omi."

"Bàbá, ẹnìkan ń béèrè yín níta," ni Jùwọ́nlọ wí.

"Kó wọlé wá."

Tolúwalàṣẹ yá ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ kóòṣì, ó gbé idà tuntun. Ó ń jù ú bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Rahinat gún un léjìká, ó gún un níkùn, ó tún padà sí èjìká. Nígbà tó borí ìdojúkọ kìíní tán, ó ṣí ìbòjú, ó wo ọwọ́ Tolúwalàṣẹ, ó wo Bàbá, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Haba, Tolú! Sannu o!"

Bàbá dìde. "Ojú mi ni."

"Ẹ lọ mu kunu yẹn, sà," ni kóòṣì wí.

Kò tíì mu ún dé ìdajì nígbà tí ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn. Jùwọ́nlọ sáré jáde. "Ó borí! Ó ku ẹyọ kan. Bàbá, ẹ má wọlé o, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá jókòó. "Èèkù tí mo gbẹ́ ni," ó sọ fún Ràhmátù tó ń ta kunu. "Ó gba àkókò kó tó mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Allah ya ba da sa'a, Baba," ni obìnrin náà fi èdè Hausa gbàdúrà oríire.

Ó mu ife kejì. Ó gbìyànjú láti mu ìkẹta. Lẹ́yìn náà ó rọra rìn lọ sí ìdí fèrèsé.

Ariwo ìkẹyìn sọ bí ó ti yọjú láti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì rí idà tuntun náà tó sùn jẹ́jẹ́ lórí àga tí òun fi sílẹ̀, ó rí Rahinat tó ń bọ ẹni tó borí rẹ̀ lọ́wọ́, ó rí Tolúwalàṣẹ tó gbójú sókè, tó rí i, tó yára gba idà àtijọ́ kúrò lọ́wọ́ òsì sí ọ̀tún, tó sì kúnlẹ̀ láti kí i.