Bí Wọ́n Ṣe Gbé Ilé Arvid

Arvid Solheim fún ara rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà láti di ọmọ abúlé Kamanggahan. Ó ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Norway pé bí òjò ńlá bá fi bẹ̀rẹ̀ ní Philippines, tí àwọn ará abúlé náà ṣì ń pe òun ní àlejò, òun á padà wá sínú yìnyín, òun á sì wọ ilé àwọn arúgbó tí ẹ̀gbọ́n náà ti bá òun gba yàrá sí. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ilé àwọn arúgbó náà ń bà á lẹ́rù ju ikú lọ.

Orí òkè ló kọ́ ilé rẹ̀ sí, ilé ọparun kékeré tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn bò. Láràárọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi níbi ìsun kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sí ìsun náà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé mẹ́tàlá tó wà ní abúlé kọjá.

Ilé Aling Basilisa ló kọ́kọ́ máa ń kàn. Opó ọlọ́mọ mẹ́rin ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

“Arvid, ẹ wá jẹun o!” Ohun tí obìnrin náà ké láti ìdí ìkòkò ìrẹsì nìyẹn ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́.

Arvid dúró. Orí rẹ̀ wú. Nílùú rẹ̀, ogún ọdún ló fi gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tí kò fi omi tútù lọ̀ ọ́ rí. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó jẹ ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ títí àwo fi mọ́. Nígbà tó jáde, Mang Teroy, kápẹ́ńtà ilé kejì, ń jẹ ẹ̀wà lójúde.

“Ẹ bá wa jẹ o,” ni Mang Teroy wí.

Arvid bá wọn jẹ.

Bó ṣe di ìṣe rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ará Kamanggahan tó lè jẹun lójú èèyàn kó má pè é. Ìtìjú ńlá ni. Kò sì sí ẹni tó pe Arvid tí Arvid kò dá lóhùn. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì, nítorí náà òun náà ń bá wọn la igi ìdáná. Ọjọ́ kan wà tó la pákó tí Mang Teroy tọ́jú fún ilẹ̀kùn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Ilé mẹ́tàlá ni mo ti jẹun láàárọ̀ yìí.”

Ní oṣù kẹta, Mang Teroy wá jókòó tì í lábẹ́ igi máńgòrò.

“Arvid, tí wọ́n bá ní kí èèyàn wá jẹun níbí, àwọn míì máa ń ní kó gba ibi ire, pé àwọn ti yó.”

“Ṣé wọ́n ti yó lóòótọ́?”

“Rárá o.”

“Irọ́ nìyẹn nígbà náà.” Arvid gbá a léjìká. “Ẹ fọkàn balẹ̀, Mang Teroy. Èmi ò lè purọ́ fún yín láéláé.”

Mang Teroy dìde. “Ẹ ṣeun,” ó ní.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, Aling Basilisa ti ń dáná kí àkùkọ tó kọ. Àwọn kan ń jẹun lẹ́yìnkùlé. Àwọn mìíràn ti fèrèsé pa. Arvid rò pé ìjì ni wọ́n ń múra dè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kiri láti mọ̀ bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà. Ẹni tó bá ṣí i, ẹnu rẹ̀ á kún fún ìrẹsì.

“Ẹ wá jẹun o,” lẹni náà á wí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù mẹ́fà pé, wọ́n ṣì ń pè é ní òyìnbó. Ó ti fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Kapitan Dominador, olórí abúlé, gun òkè wá pẹ̀lú ogójì ọkùnrin. Ọ̀pá ọparun gígùn wà léjìká wọn.

“Arvid, òjò ń bọ̀,” ni Kapitan wí. “Àgbàrá á gbé ilé yín lọ.”

Arvid wo ìsàlẹ̀ òkè. “Omi á gòkè débí?”

“Omi ọdún yìí le.” Ilẹ̀ ni Kapitan ń wò. “A máa bá yín gbé ilé náà lọ síbi tó dáa. Àṣà wa ni. A kì í jẹ́ kọ́mọ ìlú dá ilé ara rẹ̀ rù.”

“Ọmọ ìlú kẹ̀?”

“Kí la tún fẹ́ pè yín?”

Arvid sunkún, kò fi pamọ́. Wọ́n ki ọ̀pá bọ abẹ́ ilé, wọ́n hó yèè, ilé gbéra. Àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn náà gbé e. Aling Basilisa ru ìkòkò rẹ̀, ó ń pariwo lẹ́yìn wọn.

“Ẹ ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yin ọ̀lẹ! Àbí ẹ fẹ́ ká tún un gbé lẹ́ẹ̀kejì ni?”

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orin, wọ́n kọjá ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, wọ́n kọjá ìsun, wọ́n gba orí afárá ọparun sọdá odò. Wọ́n gbé ilé náà kalẹ̀ sórí koríko tútù ní San Ramil, abúlé kejì. Ogójì ọkùnrin bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mang Teroy dì mọ́ ọn.

Arvid jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: “Ẹ dá yàrá náà padà fún wọn. Àwọn ará abúlé ti gbà mí.”

Nílé tó sún mọ́ ọn jù, obìnrin kan tó ń bu oúnjẹ fọ́mọ gbójú sókè, ó rí i.

“Bàbá, ẹ wá jẹun o!”

Òkèlè kìíní ṣì wà lẹ́nu Arvid nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn nínú àwọn ará Kamanggahan sọdá tán, tí wọ́n tú afárá náà, tí wọ́n gbé e lé èjìká, tí wọ́n sì ń fi orin gbé e lọ sílé.